Ejìnrìn Ẹ̀yìn Ògiri: Ẹ Gbin Tiyín Kí Ẹ Tó Já A

Lọ́dún tó kọjá, nínú oṣù Agẹmọ, ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan wá kí wa nílé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ara ń yún wọn. Bí wọ́n ṣe yọ sí ẹ̀yìnkùlé báyìí, ojú wọn kan ejìnrìn tó ti fà bo ògiri aládùúgbò wa, ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Wọ́n ní kí n bá àwọn já a kún abọ́, àwọn fẹ́ rún un wẹ̀. Mo ti nawọ́ tán kí n tó rántí pé níjẹta ni mo rí ọmọkùnrin kan tó pọn ike oògùn apakoríko sẹ́yìn, tó ń fín in sí ìdí ògiri yẹn. Mo ní, "Màmá, ẹ má fọwọ́ kàn án." Wọ́n ní, "Kí ló dé? Ejìnrìn ti deèwọ̀ ni?" Ó tó ọjọ́ kẹsàn-án kí ewé ọ̀hún tó pọ́n, tó sì rọ sílẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn ló bà mí lẹ́rù. Paraquat, oògùn apakoríko àtijọ́ tí NAFDAC fòfin dè láti January 2024, kì í fi ara pa mọ́. Bí wọ́n bá fín in láàárọ̀, ó pẹ́ tán, lọ́jọ́ kejì ewé á ti gbẹ bí èyí tí iná jó. Glyphosate tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò báyìí kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú ewé ló ń gbà wọlé, á rọra sọ̀ kalẹ̀ dé gbòǹgbò, ní gbogbo àkókò tó sì ń rìn yìí, ewé á ṣì máa tutù lójú. Ìyá ẹlẹ́wé ọmọ tó jí lọ já ejìnrìn lẹ́bàá ọ̀nà Ìlọrin kò lè mọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ rà á lọ́wọ́ wọn ní Ọjà Jagùn ńkọ́? Ìdí tí mo fi gbin tèmi nìyẹn, tí mo sì fi jókòó kọ èyí. Àlàyé bí ẹ ó ṣe gbìn ín ló ṣáájú. Bí a ṣe ń lò ó, àti àwọn tí kò gbọ́dọ̀ lò ó, ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹ má fo ti ìkẹyìn yẹn.

Ẹ kọ́kọ́ dá a mọ̀

Ejìnrìn tí mò ń wí kì í ṣe Èjìnrìn ìlú ọjà etí ọ̀sà lápá Ẹ̀pẹ́ o. Ìtàkùn ni, ẹbí ẹ̀gúsí, elégédé àti igbá. Momordica charantia ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé àwọn onímọ̀ ewéko. Ewé rẹ̀ là bí àtẹ́lẹwọ́, ó sábà máa ń pín sí ọ̀nà márùn-ún tàbí méje, etí rẹ̀ rí ṣákiṣàki. Ìtàkùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó ní okùn kéékèèké tó fi ń lọ́ mọ́ ohunkóhun tó bá pàdé. Òdòdó rẹ̀ pupa rúsúrúsú. Èso rẹ̀ ní kókó lára. Bó bá gbó, á pọ́n bí ọsàn, á la ara rẹ̀ sí mẹ́ta, ẹ ó sì rí kóró inú rẹ̀ tó wọ ẹ̀wù pupa fòò. Ẹ rún ewé kan, kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Ẹni tó bá gbóòórùn ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kò ní ṣì í mú mọ́. Ẹ fi ahọ́n kàn án: ó korò bí jogbo. Ewúro náà korò, àmọ́ ìgbẹ̀yìn rẹ̀ a máa dùn. Ti ejìnrìn, ibi tó bá jókòó sí lórí ahọ́n, ibẹ̀ ló máa wà.

Ìbátan rẹ̀ kan wà tí àwọn mìíràn náà ń pè ní ejìnrìn. Ewé tiẹ̀ kò là. Ó rí bí ọkàn, ó tóbi, òórùn rẹ̀ kò dára rárá, èso rẹ̀ sì ní ẹ̀gún rọ̀gbọ̀dọ̀ lára. Momordica foetida nìyẹn. Òun náà ní iṣẹ́ tí wọ́n ń fi í ṣe, ṣùgbọ́n ẹ má fi rọ́pò èyí tí mò ń sọ.

Kì í ṣe àwa nìkan la mọ̀ ọ́n. Ní Jàmáíkà, cerasee ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ń rẹ ewé rẹ̀ mu bíi tíì. Àwọn ará Bràsíìlì ń pè é ní melão-de-são-caetano. Àwọn ará Íńdíà àti Ṣáínà ní tiwọn mú un kúrò ní ewé igbó, wọ́n sọ ọ́ di ohun ọ̀gbìn tí wọ́n ń sè jẹ. Èso tiwọn lè gùn tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì tàbí mẹ́ta, tiwa ti ẹ̀yìn ògiri kì í sábà ju ìka ọwọ́ lọ.

Irúgbìn

Ọdún àkọ́kọ́, èso tútù ni mo já. Mo yọ kóró rẹ̀, mo gbìn ín, mo bomi rin ín, mo dúró títí. Nígbà tí mo walẹ̀ wò, gbogbo rẹ̀ ti jẹrà. Kóró inú èso tútù funfun, ó sì rọ̀, kò tíì ní ohun tí yóò fi hù. Èyí tó gbó á le, àwọ̀ rẹ̀ á dúdú díẹ̀, iṣẹ́ ọnà á wà lára rẹ̀ bí ohun tí wọ́n fín.

Ìgbà tí èso bá ti ń pọ́n ṣùgbọ́n tí kò tíì la ni kí ẹ já a, torí tó bá ti la, ẹyẹ ló ni ín. Ẹ gbé e sínú abọ́ nínú ilé fún ọjọ́ kan tàbí méjì, yóò la fúnra rẹ̀. Ẹ fi eérú àti omi díẹ̀ ra ẹ̀wù pupa yẹn kúrò lára kóró, kí ẹ ṣàn án. Ẹ da kóró sínú omi: èyí tó bá léfòó, ẹ dà á nù. Ẹ sá èyí tó kù sí abẹ́ ibòji fún bí ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún, ẹ rọ ọ́ sínú ìgò tó gbẹ, kí ẹ kọ oṣù àti ọdún sí i lára. Nígbà èwe wa, à ń lá ẹ̀wù pupa yẹn nítorí pé ó dùn, a ó sì tu kóró dànù. N kò ní kí ọmọ kankan ṣe é lónìí. Ẹ óò rí ìdí rẹ̀ níwájú.

Èèpo kóró náà le. Kí ẹ tó gbìn ín, ẹ fi ohun tí a fi ń gé èékánná gé etí rẹ̀ díẹ̀, díẹ̀ péré, kó má baà kan inú. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ láti ìrọ̀lẹ́ dé ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Èmi a tún máa fi aṣọ tútù dì í, kí n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ààrò níbi tó gbóná díẹ̀ títí gbòǹgbò funfun á fi yọjú. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe èyí ni mo dẹ́kun fífi kóró ṣòfò.

Ilẹ̀ àti àsìkò

Òjò wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín Ẹ̀rẹ̀nà sí Igbe, á dá díẹ̀ nínú oṣù Ògún, á tún padà wá, á sì dá pátápátá ní Ọ̀wàrà. Ìparí Igbe, nígbà tí òjò bá ti rọ̀ bí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tó mú ilẹ̀ tutù dáadáa, ni mo máa ń gbìn. Bó bá fi máa di ìparí Òkúdù, ẹ ó ti máa já ewé. Ẹni tí àkókò yẹn bá fò le gbìn ín ní ìbẹ̀rẹ̀ Ọ̀wẹ́wẹ̀, kó fi òjò àrọ̀kúrọ̀ ṣe é, ṣùgbọ́n kó mọ̀ pé òun yóò bomi rin ín tó bá di Bélú. Ẹ má gbìn ín nígbà ọyẹ́. Kóró ejìnrìn fẹ́ ilẹ̀ gbígbóná. Òtútù òru Ọ̀pẹ àti Ṣẹ́rẹ́ á jẹ́ kó jókòó sínú ilẹ̀ láìhù.

Ojú oòrùn ni kó wà. Ìlú máńgòrò ni wá, abẹ́ máńgòrò sì dùn ún jókòó sí fún èèyàn, kò dùn mọ́ ejìnrìn. Ní ti ilẹ̀, kò yan ilẹ̀ púpọ̀, omi dídúró ló kórìíra. Ẹ gbẹ́ kòtò kékeré, ẹ da omi kún un. Bí omi náà bá ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, ẹ wá ibòmíràn tàbí kí ẹ kọ ebè gíga.

Mẹ́ta ni ibi tí kò yẹ kí ẹ gbìn ín sí. Ìkíní, ìdí ògiri tí ẹlòmíràn ń fín oògùn sí, tàbí ibi tí omi òjò ti ń ṣàn kọjá láti irú ibẹ̀ wá. Ìkejì, ẹ̀gbẹ́ ṣáláńgá àti gọ́tà. Ìkẹta, ẹ̀gbẹ́ oko ẹ̀gúsí, kùkúńbà tàbí elégédé. Ẹbí kan náà ni wọ́n. Àìsàn àti kòkòrò tó bá mú ọ̀kan, èkejì ni yóò kàn. Bákan náà, bí ẹ bá ti tu tòmátò tàbí ilá níbì kan rí tí ẹ rí i pé gbòǹgbò rẹ̀ wú kókókókó, aràn ilẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ejìnrìn kò ní ṣe rere lórí ilẹ̀ náà.

Gbígbìn

Ẹ gbẹ́ kòtò tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan, tó sì jìn tó bẹ́ẹ̀. Ẹ po ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà dáadáa, bíi ṣọ́bìrì kan, mọ́ ilẹ̀dú tí ẹ wú jáde, ẹ dà á padà, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ìgbẹ́ adìẹ tútù á jó gbòǹgbò. Ẹni tó ń wá ewé lè fi ìgbẹ́ adìẹ sí i dáadáa, torí ewé ni yóò sọ ọ́ dà. Ẹni tó ń wá èso ní kó dín in kù.

Kóró mẹ́ta ni kí ẹ fi sí ihò kọ̀ọ̀kan, kó jìn tó sẹ̀ǹtímítà méjì, kí ihò kan sì jìnnà sí èkejì tó 60 sẹ̀ǹtímítà. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì yóò hù. Bó bá ti ní ewé mẹ́rin, ẹ fi èyí tó lágbára jù sílẹ̀, kí ẹ fi sáàsì gé ìyókù. Ẹ má fà wọ́n tu, gbòǹgbò wọn ti lọ́ mọ́ ara wọn nísàlẹ̀. Ìdí mẹ́fà ti tó ilé kan. Mo mọ ẹnìkan tó gbin ogún, ó wá ń bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n wá já a.

Ẹni tó ń gbé ìyẹ̀wù ní Tákìé tí kò ní ẹ̀yìnkùlé le gbìn ín sínú kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tí wọ́n gé orí rẹ̀ kúrò. Kó dá ihò márùn-ún sí ìdí rẹ̀. Kó má lo kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n fi gbé oògùn oko tàbí epo disù rí, bó ti wù kó fọ̀ ọ́ tó.

Ní ti igi tí yóò gùn, ẹ má fi í ṣeré. Ejìnrìn tó ń rá nílẹ̀ ni ewúrẹ́ ń tẹ̀, ni adìẹ ń ṣu sí, ni òjò ń ta yẹ̀pẹ̀ sí lára, ewé rẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ á sì máa jẹrà. Ewé tí ẹ ó bù mu kò gbọdọ̀ fara kan ilẹ̀. Ẹ ri ọ̀pá ọparun mọ́lẹ̀ ní ìpẹ̀kun méjèèjì, kí ó yọ sókè tó mítà méjì, ẹ fi okùn já wọn pọ̀ ní ọ̀nà mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí ẹ wá so okùn wẹ́wẹ́ láti òkè wá sílẹ̀. Ìtàkùn náà mọ iṣẹ́ ìyókù. Bó bá gùn tó mítà kan, ẹ já orí rẹ̀, yóò ya ẹ̀ka lẹ́gbẹ̀ẹ́, ewé á sì pọ̀.

Ẹ fi koríko gbígbẹ bo ìdí rẹ̀, ẹ sì bomi rin ín bí òjò kò bá rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ìdí ni kí ẹ da omi sí, kì í ṣe orí ewé.

Òdòdó, oyin àti eṣinṣin

Ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, òdòdó á yọ. Òdòdó akọ ló ń kọ́kọ́ yọ, á sì máa já bọ́ láìso. Àwọn kan á ní ejìnrìn àwọn yàgàn, wọ́n á fà á tu. Ẹ ní sùúrù. Abo ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹ ó dá a mọ̀ nítorí èso kékeré bíńtín tó wà lẹ́yìn òdòdó rẹ̀ kó tó là. Àárọ̀ ni òdòdó ń là, ọjọ́ kan péré ló ń lò. Oyin ló ń gbé àtíkè akọ lọ bá abo, nítorí náà ẹni tó bá ń fín oògùn kòkòrò láàárọ̀ ń pa alágbàṣe ara rẹ̀. Bí oyin kò bá sí ní àdúgbò yín, ẹ já òdòdó akọ kan ní kùtùkùtù, kí ẹ rọra fi àtíkè rẹ̀ kan àárín abo.

Ọ̀tá èso rẹ̀ gan-an ni eṣinṣin èso. Abẹ́ awọ èso tútù ló ń yé sí, ìdin á pamọ síbẹ̀, èso á sì pọ́n ṣáájú àkókò, á rọ̀, á bọ́. Bí èso bá ti tó orí ìka, ẹ fi àpò bébà wé e, kí ẹ so ó lọ́rùn. Èyí tó bá ti ní ìdin nínú, ẹ má kàn jù ú sínú igbó, torí ìdin á wọlẹ̀, á sì di eṣinṣin mìíràn. Ẹ dì í sínú ọ̀rá dúdú, kí ẹ so ó pinpin, kí ẹ gbé e sójú oòrùn fún ọ̀sẹ̀ kan. Kòkòrò tó ń jẹ ewé, ọwọ́ ni kí ẹ fi ṣà á ní ìdájí. Ewé tí funfun bí èlùbọ́ bá bò, ẹ gé e dànù, kì í ṣe èyí tí a ń fi ṣàgbo. Ẹ má sì fín oògùn kankan sí ewé tí ẹ fẹ́ mu. Kí la fẹ́ pe èrè gbígbìn rẹ̀ nígbà náà?

Jíjá àti sísá

Ẹ já ewé láàárọ̀ nígbà tí ìrì bá ti gbẹ. Ewé tó tóbi tán ṣùgbọ́n tí kò tíì pọ́n ló dára jù. Ẹ má já ju ìdá mẹ́ta ìtàkùn lọ lẹ́ẹ̀kan, kó lè ní ohun tí yóò fi mí. Ẹ fi omi mẹ́ta ṣàn án, kí ìkejì jẹ́ omi iyọ̀.

Fún sísá, ẹ tẹ́ ẹ sórí àwọ̀n tó mọ́ nínú ilé tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí. Oòrùn á gba àwọ̀ rẹ̀. Ní bí ọjọ́ mẹ́rin sí méje, bí ẹ bá fọwọ́ fọ́ ọ tó ró wẹ́rẹ́, ó ti gbẹ. Ìgò tó ní ìdérí ni kí ẹ rọ ọ́ sí, níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò sí. Bó bá ti ń rùn bí ohun tó bu, ẹ má ṣe ojú àánú, ẹ dà á nù.

Bí a ṣe ń lò ó

*Fún ara yíyún.* Iṣẹ́ tí mo gbẹ́kẹ̀ lé jù nìyí, torí ìta ara ló ń bá lò. Ẹ̀kúnwọ́ méjì ewé tútù, ẹ rún un nínú bíi lítà méjì omi títí omi á fi dúdú bí ewé, ẹ sẹ́ ẹ. Ẹ kọ́kọ́ fi pa ibi kékeré kan lápá, kí ẹ dúró di ọjọ́ kejì. Bí kò bá tà yín, ẹ fi ọṣẹ dúdú wẹ̀ tán, kí ẹ da omi ejìnrìn sára, kí ó gbẹ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ tó fi omi lásán ṣàn án. Ẹ lè fi òrí pa ara lẹ́yìn rẹ̀. Ooru ara àti lápálápá kékeré ni wọ́n sábà máa ń fi í lé. Bó bá jẹ́ kúrúnà ni, tó ń yún gbogbo ilé lóru, omi ewé kò tó: kòkòrò kan ló ń gbẹ́ abẹ́ awọ, gbogbo ará ilé ló gbọ́dọ̀ gba oògùn lọ́jọ́ kan náà, kí wọ́n sì fi omi gbígbóná fọ aṣọ àti bẹ́ẹ̀dì. Ẹ má fi ejìnrìn sí egbò tó là sílẹ̀ tàbí ojú.

*Fún ibà.* Àwọn àgbà ń sè é pọ̀ mọ́ ewé mìíràn, wọ́n ń mu ún, wọ́n sì ń fi wẹ̀. Mi ò ní bá àgbà jiyàn lórí wíwẹ̀. Ṣùgbọ́n ibà tí ẹ̀fọn ń fà lè pa ọmọ kékeré láàárín ọjọ́ kan sí méjì, kò ní dúró de àgbo. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń gún lórí ìka kì í ju ìṣẹ́jú ogún lọ. Ẹ ṣe é kí ẹ tó gbé ìkòkò kaná. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ.

*Fún àtọ̀gbẹ.* Ibí yìí ni ariwo wà. Ó wà lóòótọ́ pé àwọn onímọ̀ rí èròjà nínú rẹ̀ tó ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ń pe ọ̀kan ní charantin. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn Cochrane, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kíkó ìwádìí ìṣègùn jọ láti yẹ̀ ẹ́ wò, ṣe ti ejìnrìn ní 2012, ìwádìí mẹ́rin péré ló kún ojú òṣùwọ̀n, èèyàn 479 ló wà nínú gbogbo rẹ̀, ìdájọ́ wọn sì ni pé ẹ̀rí kò tíì tó láti fi í wo àtọ̀gbẹ. Ẹni tó bá sọ fún yín pé kí ẹ da tábílẹ́ẹ̀tì nù nítorí ejìnrìn ń fi yín ta tẹ́tẹ́.

Ọ̀fìn tó wà níbẹ̀ tún burú ju àìṣiṣẹ́ lọ. Àwọn àgbà ní oògùn tí kò bá jẹ́, ewé rẹ̀ ló kù kan. Ti ejìnrìn, ohun tí mò ń rí ni pé ewé kì í kù, ó máa ń pọ̀ jù ni. Ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ bíi glibenclamide tàbí ínsúlínì tó tún wá gbé ife ejìnrìn lé e, ṣúgà rẹ̀ lè já wálẹ̀ kọjá ààlà. Òógùn á bò ó, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n, ebi á máa pa á kíkan, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á máa wọ́. Bí ẹ bá rí èyí, ẹ wọn ṣúgà rẹ̀ bí ẹ̀rọ bá wà nílé. Bó bá wà nísàlẹ̀ 70 mg/dL, tàbí bí kò bá sí ẹ̀rọ, ẹ po ṣíbí tíì mẹ́ta ṣúgà mọ́ omi fún un lójú ẹsẹ̀, kí ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bó bá ti dákú, ẹ má da ohunkóhun sí i lẹ́nu. Ọkọ̀ ni kí ẹ wá.

Kò sí ìwọ̀n mímu kan tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún yín. Èmi, tí àtọ̀gbẹ kò ṣe, tí n kò sì lo oògùn kankan, ewé gbígbẹ ṣíbí tíì kan ni mo ń rẹ sínú ife omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ìdajì rẹ̀ ni mo ń mu lẹ́yìn oúnjẹ, kì í ju ọjọ́ méjì lọ lọ́sẹ̀ kan. Bí inú bá ti ń rún mi, mo dá a dúró nìyẹn.

*Nínú ọbẹ̀.* Èso tútù ni kí ẹ là sí méjì, kí ẹ họ gbogbo kóró dànù, kí ẹ gé e wẹ́wẹ́, kí ẹ fi iyọ̀ ra á, kí ẹ bọ̀ ọ́ kí ẹ sì da omi rẹ̀ nù. Ẹ wá fi ata, àlùbọ́sà àti edé dín in. Ilé mi kò fẹ́ràn rẹ̀. Èmi nìkan ló ń jẹ ẹ́.

Àwọn tí kò gbọdọ̀ mu ún

Aboyún, ká sọ ojú abẹ níkòó, kò gbọdọ̀ mu ejìnrìn, ewé tàbí èso. Ó lè ba oyún jẹ́. Àwọn kan sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí tí wọ́n fi ń wá a nìyẹn, ọ̀pọ̀ ẹ̀jẹ̀ sì ti ibẹ̀ dà. Ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú àti tọkọtaya tó ń wá ọmọ, kí wọ́n jìnnà sí i pẹ̀lú.

Ọmọdé náà kò gbọdọ̀ mu ún. Àwọn dókítà ti ròyìn ọmọ tí ṣúgà rẹ̀ lọ sílẹ̀ débi pé ó dákú lẹ́yìn tó mu tíì rẹ̀. Kóró rẹ̀ tún ní èròjà kan tí wọ́n ń pè ní vicine. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní èròjà G6PD tó, irú wọn kò sì ṣọ̀wọ́n láàárín wa, vicine lè máa fọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀: ojú á pọ́n bíi ti ibà pọ́njú, ìtọ̀ á dúdú bí omi obì. Ìdí tí mo fi ní kí àwọn ọmọ má lá a mọ́ nìyẹn. Wọ́n á ní àwọn ń tu kóró dànù, ṣé gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń tu?

Ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, kó dá a dúró ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa sọ fún dókítà. Láti 1907 tí dókítà George Green ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìṣègùn ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni àgbo àti tábílẹ́ẹ̀tì ti ń gbé ilé kan náà, ṣùgbọ́n a ṣì ń fi àgbo pa mọ́ sínú báàgì bí a bá jókòó níwájú dókítà. Ẹ sọ orúkọ ewé náà, ẹ sọ ìgbà tí ẹ mu ún gbẹ̀yìn.

Àwọn tó ń ra ejìnrìn lílọ̀ nínú ike ní ibùdókọ̀, ẹ wo ara rẹ̀ bóyá nọ́ńbà NAFDAC wà níbẹ̀, kí ẹ sì ka ìlà kékeré tó wà lábẹ́ rẹ̀: ó sábà máa ń sọ pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n ní oògùn náà ń ṣe wò. Ìforúkọsílẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe ẹ̀rí pé ó ń wo àìsàn.

Bí ọyẹ́ bá dé

Bó bá di ìparí Bélú, ewé á kéré, ìsàlẹ̀ ìtàkùn á gbẹ. Ẹ yan èso mẹ́rin tàbí márùn-ún tó dára jù fún irúgbìn ọdún tó ń bọ̀, kí ẹ ká gbogbo ìyókù kó tó la, torí ẹyẹ á gbìn ín kiri fún yín, á sì di igbó sọ́rùn ẹ̀gúsí ẹlòmíràn. Ẹ hú ìdí rẹ̀, ẹ wo gbòǹgbò. Bó bá mọ́, ẹ lè tún ibẹ̀ lò lẹ́yìn ọdún méjì. Bó bá wú kókó, ẹ gbin àgbàdo síbẹ̀. Okùn àti ọparun ẹ kó wọlé, kí ikán má jẹ ẹ́.